Èèwọ̀ Tí Kò Sí Nílé Wa

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta, 2025

Tántì Arlette ní kí n ra kàyé kan, ìwé ìkọ̀wé, kí n máa kọ gbogbo ohun tí Gracia ọmọ mi bá fi sẹ́nu sí i. Méjì ni mo rà. Èyí tí Tántì máa rí wà lórí tábìlì. Èyí tí mo ń kọ yìí wà nínú àpò iṣẹ́ mi, lábẹ́ bàtà òjò, níbi tí Rébecca ìyàwó mi kì í tọwọ́ bọ̀.

A dé Sakété ní aago mẹ́wàá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni Tántì ti ń gba àwọn èèyàn tí oúnjẹ ń bá jà, ọmọdé àti àgbà. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ báyìí ni kó máa kọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa jẹun. Kò kí wa tán tó fi so okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn bí ọmọ ṣe rù tó mọ́ apá òsì ọmọ. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ẹ máa lọ sílé. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè, ẹ ṣọ́ra. Bí kò bá pé mìlímítà 115, ó ti wọ pupa nìyẹn, ilé ìwòsàn Àjàṣẹ́ ló kàn, kí wọ́n lọ ki rọ́bà bọ ọmọ nímú.

122 ló kà. Ìyeyè. Ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀! Apá rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi méjì lọ.

Tántì bi wá pé kí ló ń jẹ. Rébecca kà á: ẹ̀kọ funfun, búrẹ́dì, gàrí oníṣúgà, iṣu díndín, àti àkàrà obìnrin kan ṣoṣo ní gáràjì. Bí àkàrà yẹn bá pọ́n ju ti àná lọ, ó parí. Ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn kó lè fi sanra, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sá wọ abẹ́ ibùsùn.

"Ẹja ńkọ́? Ilá? Ẹyin?"

"Ilé ọkọ mi kì í jẹ ẹ́, Tántì," ni Rébecca wí. "Èèwọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Èmi ò sè é nínú ilé yẹn rí." Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́, bí ìyàwó tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Gracia gbé ẹnu sókè: "Èèwọ̀ tèmi náà ni."

Tántì wò mí. Ó ní, "Bàbá Gracia, ìdílé wo lẹ ti wá?" Mo ní ará Ahoyéyé ni wá. Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ti ń làágùn.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹta

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà, aṣọ funfun ìjọ wa, tí a rán fún Gracia nígbà Kérésì ń yọ kúrò léjìká rẹ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyá kan lẹ́yìn wa ń wò, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Ìyẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, torí n kò lè fẹnu sọ ọ́: kò sí èèwọ̀ kankan.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà. N kì í jẹ ju gàrí àti ẹ̀kọ lọ. Àwọn ìyàwó agbo ilé ní ìkà ọmọ ni mí, wọ́n á kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọ̀kan di orí mi mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀, wọ́n ń rọ mí ní ọbẹ̀ ilá bí ẹni ń rọ ọmọ ọwọ́. Ọbẹ̀ gba imú mi wọlé. Ojú mi ṣú. Ìyá mi ti oko dé bá wọn, ó sọ ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, ó kígbe pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Èèwọ̀ rẹ̀ ni! Ohun tó ń yọ̀ àti ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́, èèwọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀!" Gbogbo wọn fọwọ́ sórí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu mọ́.

Èmi fúnra mi ni mo fi ẹyin kún un, mo fi ẹran àti ewébẹ̀ kún un. Èèwọ̀ dára ju irọ́ mìíràn lọ, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ ní ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, àwọn àna mi gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀, mo ní èèwọ̀ mi ni, wọ́n sì yìn mí pé ọmọ tó mọ ilé ni mí.

Kì í ṣe ìwà ìkà o. Bí òórùn ẹja bá ti sún mọ́ mi, ọ̀fun mi á dì pa. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Ó rọ̀ díẹ̀, ó sì lọ. Níbi iṣẹ́ mi, ní oko ọ̀pẹ, a gbé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ ọ̀pẹ sí ìta.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Tántì wá sí ilé wa ní Pobè lónìí. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wa. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ẹ má bẹ ọmọ, ẹ má fi agbára mú un, ẹ má yìn ín, ẹ má bú u. Kí gbogbo wa jẹun pọ̀. Kí oúnjẹ tuntun wà létí àwo, kékeré, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo ń mi orí, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, "Ohun tó bá wà lórí àwo ọmọ gbọ́dọ̀ wà lórí àwo bàbá. Ẹyin la máa fi bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Tántì, èèwọ̀..."

"Ìyá Gracia ti sọ fún mi, ohun tó ń yọ̀ àti ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹyin wo ló ń lúwẹ̀ẹ́ ní Pobè níbí?"

Rébecca bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. 

121.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Mo kọ sínú kàyé orí tábìlì pé Gracia fọwọ́ kan ẹyin, ó sì lá a. Kò fọwọ́ kàn án. Adìẹ aládùúgbò ló jẹ ẹyin náà, ti Gracia àti tèmi. Ẹyin ti wọ́n sí i, ọgọ́rùn-ún fàránkì ni ọ̀kan.

Bí Gracia ṣe ń wò mí tí mò ń ju ẹyin síta, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá jẹ ẹja ńkọ́?"

Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn: "Hà, mo máa kú ni!" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Èèmọ̀ rèé o. Tántì ní ká jọ wọ ọjà Sakété, kí ọmọ rí oúnjẹ kó tó dé ìkòkò. A ń lọ jẹ́jẹ́. Ohùn kan ké láti ìsọ̀ ẹlẹ́ja: "Ẹ̀gbọ́n Cyprien!" Martial ni, ọmọ àbúrò bàbá mi. Mo mọ̀ pé ó ń tajà ní Sakété. Pé ẹja gbígbẹ ló ń tà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó ń jẹ ọ̀kan bó ṣe ń bọ̀ wá dì mọ́ mi.

Rébecca ní, "Martial, ẹ̀yin kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé yín ni?"

"Èèwọ̀ wo, ìyàwó wa? Bàbá wa àgbà ò mọ oúnjẹ mìíràn ju ẹja lọ."

Kí ilẹ̀ là kí n wọlé! Mo yára ní tèmi nìkan ni, kì í ṣe ti ìdílé, láti kékeré ni. Martial wò mí, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹja tó wọ́n. Ọlọ́run bù kún un. Tántì ń yẹ ẹja wò bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Takisí wa kúrò ní Sakété. Rébecca ní, "Bó bá jẹ́ tiyín nìkan ni, níbo wá ni ti Gracia ti wá?"

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ó mú ẹja lọ́wọ́.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

A kò lọ. Ibà mú Gracia láti Ọjọ́bọ̀. Omi gàrí nìkan. Ìdí tí mo fi ń fi ọwọ́ mi wọn apá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, n kò mọ̀. Rébecca ti ń fi okùn tí Tántì fún wa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. 118.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta



Mo tètè kúrò níbi iṣẹ́. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Rébecca jókòó sórí àpótí, ó na Gracia sórí itan, ó fi itan há ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ká ọwọ́ kan bí ife sí i lẹ́nu, ó sì fi àtàǹpàkò ọwọ́ náà di imú rẹ̀. Ògì tí ó lọ ẹja mọ́ ló ń fi ọwọ́ kejì dà sí i.

Mo dúró.  Mo tún di ọmọ ọdún mẹ́fà, òórùn ilá wà nínú imú mi. Àfi ìgbà tí Gracia húkọ́ tí ògì gba imú rẹ̀ jáde ni ohùn mi tó jáde. N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo gba ọmọ.

Rébecca jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Ṣé kí n máa wò ó títí á fi kú ni? Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà nìyí!"

Ẹnu mi kò gba láti bá a wí. Ta ló tì í débẹ̀? Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Kò jẹ ẹ̀kọ mọ́. Kò jẹ ohunkóhun tó bá funfun tó sì rọ̀. Ó ku búrẹ́dì, ó ku gàrí. Àkàrà gáràjì, ó ń já a sí wẹ́wẹ́, ó ń wá ẹja nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

116.

Tántì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bínú sí Rébecca, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Ó ní láti òní lọ, kò sí rírọ mọ́, kò sí fífi oúnjẹ pamọ́ sínú oúnjẹ. "Ẹ̀kọ tó gbẹ́kẹ̀ lé ti tàn án. Ó máa pẹ́ kó tó gbà á gbọ́." Ó wá ṣí kàyé orí tábìlì.

"Kàyé yìí mọ́ jù," ó ní. "Bàbá Gracia, ọmọ tó ń lá ẹyin láti ọ̀sẹ̀ méjì, apá rẹ̀ kì í fà sẹ́yìn báyìí. Èwo lẹ ń bẹ̀rù, èmi ni àbí ẹyin?"

 Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fún wa. Bó bá wọ pupa kó tó di ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, òun fúnra òun ló máa bá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Ọmọ kan tó wà lójúlé kejì sí wa lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn òbí rẹ̀ nìkan ló padà. Mo mọ̀ pé àìsàn tiẹ̀ yàtọ̀. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Mo gun zémìjàn lọ sí Ahoyéyé lẹ́yìn ìsìn. Ìyá mi, Èjìdé, ń ṣa ẹyìn lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò jẹ́ kí n dìde kó tó bi mí pé ta ló kú.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí Gracia ti ń sọ pé "èèwọ̀ tèmi náà ni," ó fi ẹyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Cyprien, o sọ fún ìyàwó rẹ pé òótọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Yéè, mo gbé! Aṣọ òjò ni mo fi bò ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má baà pa ọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Òjò yẹn ti dá láti ọgbọ̀n ọdún. O ò bọ́ ọ, o tún rán kékeré sí i fún ọmọ rẹ!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ náà, òun rò pé mo ti kú, ohun tó bá dé ẹnu òun lòun sọ. Òun náà ti ń bẹ̀rù láti ìgbà yẹn pé bóyá òun fi irọ́ pe nǹkan wá sórí mi.

"Lọ sọ fún un. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù kẹta

N kò tíì sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

N kò tíì sọ ọ́. Òjò ńlá. Gracia jẹ ìdajì búrẹ́dì, ó sì sùn láti ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

Mo sọ ọ́.

Rébecca ń rán aṣọ. Kò dá ẹ̀rọ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó já òwú. Ọdún méje tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ló ń pè mí. Lónìí ó ní, "O parọ́ fún mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o mọ oúnjẹ tí mo fẹ́ràn jù nílé ìyá mi? Ọbẹ̀ ẹja pẹ̀lú ilá. Ọdún méje, n kò sè é, n kò jẹ ẹ́ níta, kí n má fi ẹnu mi gbé ikú wọlé fún ọ. Nígbà tí mo lóyún Gracia, mo máa ń lá àlá rẹ̀." Ó ká aṣọ náà. "Ó dáa. A ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìjọ wa, ìyẹn tèmi. Ẹja, ìyẹn tìẹ. Kí ló kù fún ọmọ?"

Ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Gracia.  Ó tọ́ sí mi.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

115. Orí ìlà gan-an. Rébecca kò wò mí nígbà tí Tántì kà á.

Mo jẹ́wọ́ fún Tántì. Mo ń retí èébú, kò bú mi. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo fún yín ní búrẹ́dì, ẹ̀yin àti ọmọ jọ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó bù ú jẹ. Aláìsàn méjì lẹ mú wá, ẹ sọ pé ọ̀kan ni." Ó ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà bẹ́ẹ̀, àwọn míì ti darúgbó, wọ́n ń fara pa mọ́ síbẹ̀.

Ó kọ́ mi: kí n wò ó. Kí n fọwọ́ kàn án. Kí n gbóòórùn. Kí n fi kan ètè. Kí n fi sórí ahọ́n, kí n tu ú. Kí n má bá ara mi jà. Bí mo bá lè gbé e mì, kí n gbé e mì níwájú Gracia, kí n má sọ fún un pé kó jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin

Mo di ẹja gbígbẹ tí kò ju èékánná lọ sínú bébà, mo mú un lọ síbi iṣẹ́. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Ètè. Mo bì lẹ́yìn àwọn ọmọ ọ̀pẹ. Ọ̀gá bi mí bóyá ibà ni. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá, ẹja ni.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin

Mo gbé e mì. Kò ju hóró àgbàdo lọ. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀pẹ, mò ń retí ikú. Ìyá mi ló dá a sílẹ̀, èmi fúnra mi ló fi ẹyin kún un, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ara mi kò mọ̀. Ó tó wákàtí kan kí n tó lè dìde gbé omi.

Gracia mu omi ṣúgà nìkan lónìí.

Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Mo gba àyè ní ibi iṣẹ́, mo dé ilé lọ́sàn-án. Rébecca gbé àwo kan ṣoṣo kalẹ̀: gàrí, búrẹ́dì, ẹja díndín kékeré kan létí rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó tì mí. Mo bu ẹja. Mo fi sẹ́nu.

Gracia fò dìde. "Bàbá, ẹ tú u dànù! Ẹ tú u!" Ó gun orí mi, ó ń ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀ pé kó gbà mí. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ ẹyin. Hà, mo máa kú ni! Ọmọ yìí gbà mí gbọ́. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń sá fún. Ikú tí mo fi sínú rẹ̀ ló ń sá fún.

Mo gbé e mì. Mo ní, "Gracia, Bàbá parọ́. Kì í pa èèyàn." Kò gbọ́. Ó di ṣòkòtò mi mú láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò bá àwọn ọmọ ṣeré, kò jẹ búrẹ́dì pàápàá. Bí mo bá húkọ́, á jí pépé. Lọ́la ni okùn. Ọlọ́run, ẹ̀mí ọmọ mi ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin

Nǹkan kan kàn mí nímú nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ọwọ́ Gracia ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ imú mi, ó ń retí èémí. Mo la ojú.

"Bàbá, ẹ ò kú."

"N kò kú."

Ó tún gbé ọwọ́ síbẹ̀, ó fẹ́ kó dá òun lójú. Ó wá dìde, ó jáde lọ bá ìyá rẹ̀ níbi iná. Mo gbọ́ ọ: "Màmá, èyí tí Bàbá jẹ lánàá, ó ṣẹ́ kù?"

Rébecca kò sọ pé káre. Kò pàtẹ́wọ́. Ó bu ìwọ̀n èékánná fún un, ó sì kọjú sí ẹ̀yìn, ó ń fẹ́ iná tó ti ń jó dáadáa tẹ́lẹ̀. Gracia gbóòórùn rẹ̀ pẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó fajú ro, ó tu ìdajì. Ìdajì yòókù, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ sí abẹ́ imú ara rẹ̀.

Ní Sakété, Tántì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. 115. Kò wọ pupa. Ó ní kò tíì tán, ó lè yí padà lọ́la, ká padà wá ní Ọjọ́rú. Mo fún un ní kàyé yìí dípò ti orí tábìlì. Ó ka ojú ìwé méjì, ó dá a padà, ó ní Ìyá Gracia ló yẹ kó kà á.

Rébecca ti kà á nínú takisí. Ó ti ra ẹja lọ́wọ́ Martial kí a tó wọ ọkọ̀, ó ra ilá pẹ̀lú. Ó ní, "Bàbá Gracia, mo máa se ọbẹ̀ ìyá mi. Bí ẹ ò bá lè jẹ ẹ́, ẹ jókòó tì wá."

Ìkòkò wà lórí iná báyìí. Òórùn ilá ti kún ilé. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Gracia di ṣòkòtò mi mú, ó ń wo ẹnu mi.